Ìbídùn àti Igbá Irú Tí A Ṣí Kó Tó Pé Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ-jókòó-níbẹ̀-yẹn, Ẹ-padà-wá-lọ́la, Ìwé-yín-ò-pé: awo mẹ́ta tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì mọ́rùn, tí kò mọ ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dá a fún Ìbídùn, onírú ọmọ onírú, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ tó ti ń jẹun fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n dá a títí, kò rí ire kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, bóyá inú tó ń bí mi yóò rọ̀ díẹ̀.

Ìlú Òkè-Àgbìn ni Ìbídùn ń gbé. Odò kan wà lẹ́yìn ìlú náà, Arómi lorúkọ rẹ̀. Àpáta pẹrẹsẹ tẹ́ sí etí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ìlú ti ń tẹ irú, tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, láti ìgbà ìyá àwọn ìyá wọn. Ẹni tó bá ń rí irú nínú ọbẹ̀ nìkan kò mọ ìyà tó wà nídìí rẹ̀. Wọn a sè é láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bó. Wọn a gbé e sínú ajere, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún un fọ̀, títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Omi kànga kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé; omi tó ń ṣàn ni irú ń fẹ́. Ẹni tó bá gba etí odò Arómi lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, iṣẹ́ ni ó gbà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é lẹ́ẹ̀kejì, wọn a kó o sínú igbá, wọn a fi ewé bò ó, wọn a fi aṣọ wé e, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ní Òkè-Àgbìn, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fojú kan inú igbá náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kódà ọkọ ẹni, kódà ọmọ ẹni. Wọ́n gbà pé bí ojú ẹlòmíràn bá bà á, irú náà bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, olúkúlùkù ní kọ̀rọ̀ tó ń gbé igbá tirẹ̀ sí. Wọ́n jọ ń fọ irú, wọ́n jọ ń ṣàwàdà, wọ́n jọ ń bú ọkọ ara wọn, ṣùgbọ́n tó bá ti di ti igbá, oníkálukú á wọ ilé rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn.

Ìdílé Ọ̀kànlàwọ́n ló ni ilẹ̀ etí odò náà. Lọ́jọ́ kan, Baba Ọ̀kànlàwọ́n fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wọn níbẹ̀, ó ní àwọn ọmọ bàbá òun ti pinnu láti ta ilẹ̀ náà. Ó sọ iye tí wọ́n ń fẹ́, gbogbo àwọn obìnrin náà káwọ́ lérí. Ó ní ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo ti ń yọ àwọn lẹ́nu lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé òun kò gba àsansílẹ̀, wọn kò sì gba ìlérí. Òní oṣù kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé owó náà pé pérépéré síwájú àwọn láàárọ̀, òun ló ni ín. Ó yí padà, ó lọ.

Obìnrin méjìlá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo ara wọn, olúkúlùkù sì padà sídìí irú rẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú Ìbídùn? N ó sọ ọ́, n kò ní bò ó. Ó ń rò ó pé òun ni yóò ra ilẹ̀ náà, òun nìkan. Yóò fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, yóò fi géètì sí i, ẹni tó bá fẹ́ fọ irú yóò máa sanwó fún òun. Èrò tó gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó sì sùn dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi kànìnkànìn ha àárín ìka rẹ̀ títí ó fi ń ta á. Ó wọ léèsì tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò bi í pé níbo ló ń lọ, ó ní ìsọmọlórúkọ ni. Ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yọ sí báńkì.

Báńkì kékeré ni, òun nìkan ló wà ní ìlú náà, ó sì ní ilẹ̀kùn onígíláàsì. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìbídùn ti ń gbé owó irú lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ tó bá gbé owó lọ, “Màmá wa, ẹ káàbọ̀ o” ni. Lọ́jọ́ yìí tó ní òun wá yá owó, wọ́n ní kó jókòó níbẹ̀ yẹn. Ó jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì ọ̀sán. Ojú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọ agbádá búlúù ṣe wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó jókòó níbì kankan. Wọ́n mú un lọ tààrà sí yàrá ọ̀gá, wọ́n sì gbé omi tútù tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí Ìbídùn padà wá lọ́la. Ó padà lọ. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé. Ó wá ìwé kiri. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó jẹ́ kó fojú kan ọ̀gá báńkì.

Bó ṣe wọlé báyìí, ọ̀gá náà nawọ́ mú lọ́fínńdà, ó fọ́n ọn káàkiri yàrá. Ìbídùn tó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta!

“Màmá, kí lẹ ní tí a lè gbà ní ìdógò? Ilé ńkọ́? Ilẹ̀ ńkọ́?”

“Ilẹ̀ náà ni mo fẹ́ fi owó yìí rà, ọ̀gá.”

“Ẹ lọ wá ilẹ̀ kan ná, kí ẹ tó wá yá owó tí ẹ ó fi ra ilẹ̀.”

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé owó mi wá síbí, ọ̀gá.”

“A dúpẹ́ o, Màmá. Ẹ máa gbé e wá.”

Abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wà lórí tábìlì, wọn kò tíì dé e. Ẹ̀fọ́ rírò ni, irú wooro sì kún inú rẹ̀. Ìbídùn mọ irú náà, tirẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí ń fọ́n lọ́fínńdà nítorí òórùn obìnrin náà, ó sì ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ẹnu kan náà! Ẹ gbà mí o! Mo ti dàgbà, mo ti rí oríṣiríṣi, síbẹ̀ bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn yìí, àyà mi a máa gbóná.

Ìbídùn délé, kò lè jẹun. Ó fẹ́ kígbe, kò rí ẹni tí yóò ké e sí létí, nítorí ìsọmọlórúkọ ló sọ pé òun lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fọ irú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, tí inú rẹ̀ sì ń hó.

Àgbà obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Àrọ tó ń fi Ifá ríran fún ará ìlú. Fádèrera lorúkọ rẹ̀, Ìyánífá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìbídùn forí lé. Ìyánífá wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ifá, ó sì gbójú sókè.

“Inú ń bí ọ, Ìbídùn.”

“Ó ń bí mi, Ìyá. Ó ń bí mi débi pé omi ò gba ọ̀fun mi lọ.”

“Ta lo ti sọ ọ́ fún?”

“Ta ni n ó sọ ọ́ fún, Ìyá? Kí wọ́n lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò?”

“Ibẹ̀ ni ẹbọ rẹ wà,” ni Ìyánífá wí. “Ifá kò béèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kò béèrè ẹyẹlé. Gbé igbá irú rẹ, kó jẹ́ èyí tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Gbé e lọ sétí odò lọ́jọ́ tí gbogbo yín bá pé. Ṣí i lójú wọn, kí o sì bù ú fún wọn títí yóò fi tán. Bí o bá ṣe ń bù ú, kí o máa fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí báńkì fi ojú rẹ rí, àti ohun tí o fẹ́ fi owó náà ṣe. Má fi ọ̀kan pamọ́. Bí o bá fi ọ̀kan pamọ́, o ò tíì rúbọ.”

Ìbídùn kúnlẹ̀. “Ìyá, ohun tí mo fẹ́ fi ṣe kò dára létí wọn o.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyánífá wí, ó sì kó nǹkan rẹ̀ nílẹ̀.

Bí Ìbídùn ṣe ń jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu Sùwébátù lẹ́nu ọ̀nà. Sùwébátù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, irú rẹ̀ ń tà gan-an, ó sì fẹ́ràn kí ojú òun máa ga. Àwọn méjèèjì ta gìrì.

“Mo wá kí Ìyá ni,” ni Ìbídùn wí.

“Èmi náà,” ni Sùwébátù wí. “Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí wọn.”

Ìbídùn kò tíì kọjá ògiri ilé náà tó fi gbọ́ ohùn Ìyánífá nínú ilé. Ó ń sọ ti igbá, ó ń sọ ti etí odò, ó ń sọ pé kó má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹbọ kan náà ni! Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òṣé Sùwébátù, ó gùn bí ìgbà tí táyà bá jò. “Kí èmi Sùwébátù dìde, kí n lọ máa tú àṣírí ara mi fún àwọn tó ń wá ìṣubú mi? Ẹ má bínú o, Ìyá, Ifá yín ti darúgbó. Àwọn kan wà lórí fóònù tó ń yáni lówó lójú ẹsẹ̀, wọn kì í béèrè ìdógò, wọn kì í mọ ilé ẹni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.” Ó fi bàtà rẹ̀ lu ilẹ̀ gbàgbàgbà jáde kúrò níbẹ̀.

Ìbídùn lọ ro ó fún ọjọ́ méjì. Igbá kan ṣoṣo ló ní nílẹ̀ lọ́wọ́ yẹn, igbá ńlá, gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí ti báńkì tó fẹ́ fi ra ilẹ̀, ló fi ra hóró inú rẹ̀. Bó bá ṣí i tó sì bàjẹ́, ebi ni. Bó bá sọ ti géètì tó fẹ́ ṣe tí wọ́n sì lé e, kò ní ríbi lọ mọ́. Mo ti gbé ẹ̀rù rẹ̀ wò dáadáa, kì í ṣe ẹ̀rù kékeré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn méjìlá pé sórí àpáta, ó gbé igbá náà dé. Ọjọ́ kan péré ni irú náà tíì lò. Ó tú aṣọ, ó ká ewé kúrò.

“Ìbídùn! Ṣé orí rẹ dàrú ni?” Mọ̀ríámọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ bojú, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, kí wọ́n má baà jẹ́ ẹni tó ba irú jẹ́.

“Ẹ yíjú síbí,” ni Ìbídùn wí. Ó bu irú sínú ewé, ó nà á sí Mọ̀ríámọ̀. “N kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ kankan lọ́jọ́sí. Báńkì ni mo lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi mí jókòó bí aláàárù, ọ̀gá wọn fọ́n lọ́fínńdà lé mi, ó ní kí n máa gbé owó wá ṣùgbọ́n òun ò ní yá mi ní kọ́bọ̀.” Ó bu ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ẹ ò tíì gbọ́ tán. Èmi nìkan ni mo fẹ́ ra ilẹ̀ yìí. Mo fẹ́ fi géètì sí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí a jọ ń fọ irú láti kékeré máa sanwó fún mi kí ẹ tó fọwọ́ kan omi yìí. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn. Ẹ pa mí bí ẹ bá fẹ́.”

Mọ̀ríámọ̀ wo irú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Ìbídùn, ó sì jókòó gbì sórí àpáta.

“Géètì?” ni ó wí. “Èmi ti bá ajórin sọ̀rọ̀ lórí géètì tèmi. Mo ti yan àwọ̀.”

Àbẹ̀kẹ́, tó kéré jù nínú wọn, bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà lọ sí báńkì yẹn. Mo purọ́ fún yín pé ọmọ mi ń ṣàìsàn ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù ni mo jókòó tì, títí òtútù fi mú mi.”

Ẹlòmíràn ní òun náà. Ẹlòmíràn ní òun lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jáde lẹ́nu wọn bí ẹni ń bì. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn mọ́kànlá ni wọ́n ti gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yẹn kọjá pẹ̀lú léèsì lọ́rùn, olúkúlùkù ń rò pé òun nìkan ni wọ́n kà sí ìdọ̀tí!

Nígbà náà ni Mọ̀ríámọ̀ fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. “Ẹ dúró ná. Ọkùnrin tó wọ agbádá búlúù, tí wọ́n ń gbé omi tútù tẹ̀ lé, ṣé ẹ̀yin náà rí i?”

“Mo rí i,” ni Ìbídùn wí.

“Òun ni ọkùnrin ilé epo náà. Ọmọ Baba Ọ̀kànlàwọ́n ló fi hàn mí. Báńkì ti ṣèlérí owó tí yóò fi ra ilẹ̀ yìí fún un.”

“Owó wo?” ni Àbẹ̀kẹ́ bi í.

Gbogbo wọn ti mọ owó tí ó jẹ́. Owó irú ni. Owó tí àwọn fúnra wọn ń gbé lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n fẹ́ kó fún àlejò kan láti fi lé wọn kúrò létí odò ìyá wọn. Inú bí wọn débi pé Mọ̀ríámọ̀ gbé ajere rẹ̀ sọ lu àpáta. Èmi ò bá a wí.

Sùwébátù nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ìbídùn bu irú tirẹ̀, ó nà án sí i, ó sì wò ó lójú. Ó mọ ohun tó gbọ́ lẹ́yìn ògiri Ìyánífá. “Sùwébátù, ó kù ọ́.”

“Ó kù mí bí i ti kí ni?” ni Sùwébátù wí. “Èmi ò lọ sí báńkì kankan o. Èmi ò ní ìṣòro.” Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ karí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Irú náà kù lọ́wọ́ Ìbídùn. Àwọn mọ́kànlá tó kù pinnu lórí àpáta náà pé àwọn yóò jọ ra ilẹ̀ náà ni.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí báńkì ṣe ṣílẹ̀kùn, àwọn mọ́kànlá dé. Wọn kò wẹ̀. Etí odò ni wọ́n ti gbéra, ìró wọn tutù, irú wà lábẹ́ èékánná wọn, oníkálukú gbé igbá irú kan lọ́wọ́; èyí tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn, Mọ̀ríámọ̀ ló yá a. Máígáàdì na ọwọ́ dí wọn lọ́nà. “Màmá, ẹ ò lè gbé nǹkan yẹn wọlé. Ó ń rùn.”

“Owó rẹ̀ ń wọlé,” ni Mọ̀ríámọ̀ wí. “Ẹ kì í gbọ́ òórùn ìyẹn?” Ó sì kọjá.

Wọ́n ní àwọn wá gba gbogbo owó àwọn, kó má ku ẹyọ kan. Ọ̀gá báńkì sáré jáde. Ó pè wọ́n ní ìyá, ó pè wọ́n ní àǹtí. Ó ní owó kò tó nílẹ̀ lónìí, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá lọ́la.

“A ò kánjú,” ni Ìbídùn wí. “A ó jókòó níbẹ̀ yẹn.”

Wọ́n jókòó. Wọ́n ṣí igbá mọ́kànlá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù gba òórùn náà, ó sì gbé e dé gbogbo yàrá. Àwọn oníbàárà tó wọlé yí padà. Àwọn oníṣẹ́ báńkì fi áńkáṣífì bo imú. Ọ̀gá lo lọ́fínńdà rẹ̀ tán, ó ránni lọ ra òmíràn. Àwọn obìnrin náà kò pariwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti jókòó níbẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, wọ́n ti rí owó fún wọn, pérépéré.

Ṣùgbọ́n owó náà kò tíì tó ti Baba Ọ̀kànlàwọ́n. Ìbídùn kò tún gba ẹ̀yìn ilé kankan mọ́. Ó gba àárín ọjà lọ bá àwọn olóúnjẹ tó ń ra irú lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, fínnífínní. Ó ní kí wọ́n san owó irú oṣù mẹ́ta sílẹ̀, àwọn yóò máa gbé e fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn kò bá san án, kí wọ́n wo ibi tí wọn yóò ti máa ra irú nígbà tí ilé epo bá dé Arómi. Àwọn olóúnjẹ bínú tán, wọ́n bú báńkì, wọ́n sì san án. Obìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín, tí kì í fi irú sí nǹkan kan, mú owó wá pẹ̀lú. Ó ní wọ́n ti ní kí òun náà jókòó níbẹ̀ yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Sùwébátù. Ó ti yá owó lọ́wọ́ àwọn márùn-ún lórí fóònù, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó lè tó owó ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ọjọ́ tí wọn yóò ta ilẹ̀ náà sì ṣì jìnnà lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá yẹn. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó kó ohun tó yá lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì, èlé ń gun orí èlé, gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹtàlá, Ìbídùn wà létí odò nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àwòrán Sùwébátù ló rí, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni obìnrin yìí, pé ó jẹ owó olówó, kí ẹnikẹ́ni má bá a da nǹkan pọ̀. Fóònù Mọ̀ríámọ̀ dún. Ti Àbẹ̀kẹ́ dún. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù Sùwébátù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí: lẹ́mọ́mù, àna rẹ̀ ní Ìlọrin, olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwà ìkà! Àwọn tí kò mọ ilé rẹ̀ yẹn ti dé gbogbo ilé tó mọ̀ ọ́n.

Ìbídùn sáré lọ sílé rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. “Sùwébátù, jáde wá,” ni ó wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Wá bá wa, ó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀.” Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìbídùn ń gbọ́ bí Sùwébátù ṣe ń mí nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí oṣù pé, àwọn mọ́kànlá wà lẹ́nu ọ̀nà Baba Ọ̀kànlàwọ́n kí oòrùn tó yọ dáadáa. Owó náà pé. Orúkọ mọ́kànlá ni wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀ náà, kò sí géètì nínú ìwé náà. Wọ́n ń tẹ ìka lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin agbádá búlúù fò bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù, fóònù létí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń bẹ báńkì lórí fóònù. Báńkì ń sọ fún un pé owó kò tó nílẹ̀ lónìí, kó padà wá lọ́la.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí òkìkí irú Arómi fi dé ìlú méje. Àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń yá ara wọn lówó, wọ́n tún ń yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí báńkì ti lé. Àlejò tó bá wá fọ irú níbẹ̀ ń san owó díẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ọ̀gá báńkì gbọ́, ó wá sétí odò pẹ̀lú bàtà dídán, ó ní òun wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé owó wọn padà. Ìbídùn nawọ́ sí òkúta kan tí oòrùn ń pa. Ó ní kó jókòó níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n fọ irú tán ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kó padà wá lọ́la.

Sùwébátù dé lẹ́yìn òjò. Ó ti rù. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àpáta, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó bi wọ́n pé èló ni àlejò ń san kó tó fọ irú. Mọ̀ríámọ̀ sọ ọ́ fún un. Ó san án. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó gún un lọ́rọ̀.

Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kó kúrò ló sún mọ́ Ìbídùn. “Ìbídùn, bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí ńkọ́? Bí mo bá ṣí igbá tèmi lójú yín, tí mo sọ gbogbo rẹ̀?”

Ìbídùn bínú sí i, ó bínú sí àwọn tó dójú tì í, ó bínú sí gbogbo ohun tó jẹ́ kí obìnrin máa fi ìyà rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tó jalè. “Kí lo fẹ́ sọ, Sùwébátù?” ni ó wí. “Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́.” Ó sún agbọ̀n tirẹ̀ sẹ́yìn, kí Sùwébátù lè rí àyè fi ọwọ́ kan omi tó ń ṣàn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ifá ṣe wí fún àwọn méjèèjì nínú ilé kan náà. Ìbídùn fi ẹnu ara rẹ̀ rúbọ, ó di ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀. Sùwébátù fi ẹbọ náà ṣòṣé. Àwọn àjèjì bá a fi ẹnu tiwọn rú u, kò sì rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀ àfi àbámọ̀, òun àti owó àlejò tó ń san létí odò ìyá rẹ̀ títí di òní.